Kí Ni Ìyà Wà Fún? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdájọ́ Ikú

Ọ̀rọ̀ tí Ẹgbẹ́ fi lé mi lọ́wọ́ lónìí wúwo. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí ìlú fi ń jẹ arúfin níyà, kí n sì sọ bí ó bá tọ́ kí òfin ilẹ̀ wa máa pa ènìyàn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà nìkan. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí i pé kí ìdájọ́ ikú rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére fún àwọn tí ń ṣòwò oògùn olóró. Nígbàkígbà tí àwọn ajínigbé bá sì ṣọṣẹ́ lójú ọ̀nà wa, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ará ọjà àti ará ilé ni pé, ‘Kí ìjọba pa wọ́n!’ Ó yẹ kí àwa tí a kàwé, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àpèrè àwọn baba yín, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní kí ariwo tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1872, àwọn ìlú mẹ́tàlá fi ibùdó wọn sílẹ̀, wọ́n kó jọ sí ojú kan, wọ́n sì di Ṣágámù. Ààbò ni wọ́n ń wá ní ìgbà ogun. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú orúkọ rẹ̀ àti àwọn olórí rẹ̀ wá, kò sì sí èyí tí ó sọ ara rẹ̀ nù sínú èkejì. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè jọ gbé bí wọn kò bá ní ìgbàgbọ́ pé, bí ọmọ ilé kan bá ṣẹ ọmọ ilé kejì, a ó gbọ́ ẹjọ́ náà, a kò sì ní jẹ́ kí ilé dìde sí ilé. Èyí ni gbòǹgbò ìyà. A ń jẹ arúfin níyà kí àwọn tí ó kù lè jókòó pọ̀.

Láti ara gbòǹgbò yìí ni ẹ̀ka mẹ́rin ti yọ. Èkíní ni ẹ̀san: kí ẹni tí ó ṣe ibi rí ibi. Èkejì ni ìbẹ̀rù: kí ẹlòmíràn tí ń gbèrò ibi rí i, kí ó sì dẹ́kun. Ẹ̀kẹta ni ààbò: kí a mú ẹni tí ó léwu kúrò láàárín àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àtúnṣe: kí ẹni tí ó ṣìṣe lè padà di ènìyàn, kí ẹni tí a sì pa lára rí ìtùnú. Àwọn baba wa mọ ẹ̀kẹrin yìí dájú, nítorí náà ni wọ́n fi ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀ràn kékeré wà lọ́wọ́ baálé, ti àdúgbò wà lọ́wọ́ olórí ìtún. Ọ̀ràn ńlá bí ìpànìyàn, a gbé e lọ sí ilédì, níwájú ọba àti àwọn àgbà Òṣùgbó. Ìpànìyàn kì í ṣe ọ̀ràn láàárín ìdílé méjì nìkan. Ẹ̀jẹ̀ tí a ta sílẹ̀ ti ba Ilẹ̀ jẹ́, Ilẹ̀ ni gbogbo wa sì jọ mu. Nítorí náà ètùtù ń bẹ, ìtanràn ń bẹ, lílé kúrò ní ìlú ń bẹ, títà sí oko ẹrú ń bẹ, ikú pẹ̀lú ń bẹ.

N kò ní tàn yín. Àwọn baba wa pa ọ̀daràn, ẹni tí ó bá sọ pé wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí ohun méjì. Èkíní, a kì í fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà ni ó ń dá a, nítorí agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Èkejì, kò sí ọ̀kan nínú wa lónìí tí yóò dìde pé kí a tún máa ta ọ̀daràn sí oko ẹrú nítorí pé àwọn baba wa ṣe é. A ti yẹ̀ ẹ́ wò, a ti fi í sílẹ̀, a kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dẹ́kun láti jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ sọnù ni ìdí tí àṣà fi wà: kí ìlú lè tòrò.

Pẹ̀lúpẹ̀lú, ìdájọ́ ikú tí ó wà nínú òfin wa lónìí kì í ṣe èyí tí ó ti ilédì wá. Ní ọdún 1892 ni Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jagun ní Ìmàgbọ̀n, ní ọdún 1894 sì ni Àkárìgbò bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn tí ó mú Rẹ́mọ wá sí abẹ́ ààbò wọn. Láti ìgbà náà ni agbára láti dá ẹjọ́ ikú ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìlú. Ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916, àwòrán èyí tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n wò. Inú rẹ̀ ni a ti kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn, kíkú ni yóò kú.

Kí ni àwọn tí ó gbé òfin yìí wá ṣe sí i lẹ́yìn náà? Ní ọdún 1964 ni wọ́n yẹgi fún ènìyàn gbẹ̀yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1965 wọ́n dá ìdájọ́ ikú dúró fún ìpànìyàn, ní ọdún 1969 wọ́n fi òpin sí i. Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Tógò pa á rẹ́ ní ọdún 2009, Sierra Leone ní ọdún 2021, Gánà sì yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìpànìyàn ní ọdún 2023. Ní Benin, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbé, ilé ẹjọ́ tí ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ sọ ní ọdún 2016 pé a kò lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí ó gbé okùn wá ti ká okùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀, àwa sì ń tọ́jú tiwa bí ogún bàbá.

Lóòótọ́, òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọdún 1999 gba ìdájọ́ ikú láyè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1998 lórí òfin tí ó ṣáájú rẹ̀. N kò bá àwọn adájọ́ jà. Ohun tí òfin gbà láyè lè jẹ́ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, àwa ọmọ ìlú ni a sì ń yan àwọn tí ń ṣe òfin.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dán ìdájọ́ ikú wò, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí òun ni àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ń tẹnu mọ́ jù. A ti dán an wò ní ilẹ̀ yìí, ní gbangba. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun ṣe Dìkírì 47 ti ọdún 1970 tí ó sọ ìdigunjalè di ọ̀ràn ikú. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń so àwọn adigunjalè mọ́ òpó ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, tí sójà sì ń yìnbọn pa wọ́n. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń lọ wòran. Bí ó bá jẹ́ pé ìran lè dá olè dúró, olè ìbá ti tán ní Nàìjíríà kí àwọn ọmọ wa tó dáyé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dààmú ìlú Benin tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á ní ọdún 1987, wọ́n pa ọ̀gá ọlọ́pàá kan mọ́ ọn, nítorí ilé ẹjọ́ rí i pé ó ń ran àwọn olè náà lọ́wọ́.

Nínú ọ̀ràn Anini ni ẹ̀kọ́ wà fún wa. Olè tí ó ní ọ̀rẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá kì í bẹ̀rù òpó, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà jìn sí òpó. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ gbogbo yẹn ni olè gbójú lé. Iṣẹ́ ìjọba ni láti mú ọjọ́ olóhun súnmọ́ tòsí. Ní ọdún 1764, ọmọ Ítálì kan tí ń jẹ́ Cesare Beccaria ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdánilójú pé ìyà yóò wá ni ó ń dá ènìyàn dúró, kì í ṣe bí ìyà ti rorò tó. Bí a bá pa ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún, tí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sì lọ láìjìyà, kí ni a fi kọ́ àwọn tí ń wòran?

Ní ti ààbò, ẹni tí a bá tì mọ́ inú ẹ̀wọ̀n gbére kò sí lójú pópó mọ́. Bí ọ̀nà àbáyọ bá wà fún un nípa rìbá, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí a tún ṣe. Ní ti àtúnṣe, òkú kò lè ronú pìwà dà, kò lè ṣiṣẹ́ san gbèsè, kò sì lè fi orúkọ àwọn tí ó rán an níṣẹ́ hàn.

Ó wá ku ẹ̀san, níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ẹni tí a pa ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, ‘Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, bí ó bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ńkọ́?’ Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ìbéèrè yìí mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó fi idà pa ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n gbé idà kọjá nípàkọ́ òun. Ó tọ́ kí apànìyàn jẹ ìyà tí ó wúwo, kí ó sì pẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin ń ṣe fún opó àti ọmọ òrukàn. Adájọ́ dá ẹjọ́ ikú, àwọn ìwé ìròyìn gbé e, opó padà sí ilé rẹ̀ láìsí owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ètùtù àwọn baba wa máa ń bojú wo ilé ẹni tí a ṣẹ̀, òfin òde òní kì í sì í sábà wo apá ibẹ̀. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, ti fún adájọ́ láyè láti pàṣẹ pé kí ọ̀daràn san owó ìtùnú fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀san tòótọ́ wà, ẹni mélòó ni ó sì mọ̀ nípa rẹ̀?

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọkàn mi ti dúró. Gbogbo ìyà yòókù, bí a bá ṣe é ní àṣìṣe, a lè dá nǹkan padà. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹni tí a pa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ń dá ẹjọ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti àtijọ́ lórí ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́. Kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ọ, ìjọba ti pa á, ní ọdún 1981. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé pípa náà kò bá òfin mu, wọ́n sì ní kí ìjọba san owó fún àwọn tí ó fi sílẹ̀. Ẹjọ́ Bello àti Agbẹjọ́rò-Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn lọ́yà ń pè é títí di òní. Ó ṣe é ṣe kí ó jẹ̀bi, ó ṣe é ṣe kí ó má jẹ̀bi. A kò lè mọ̀ mọ́, nítorí a ti pa ẹni tí à bá tún bi léèrè.

Ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, ní ọdún 1950, wọ́n yẹgi fún Timothy Evans pé ó pa ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n rí i pé aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́rìí takò ó ní kóòtù ti pa ọ̀pọ̀ obìnrin sínú ilé kan náà. Ní ọdún 1966 ni wọ́n fi orí jì í, nígbà tí ó ti di òkú láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ẹ tún wo àwọn tí ikú yẹ̀ lórí wọn. Ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ àwọn ológun dá ẹjọ́ ikú fún Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Díyà, ọmọ Odògbólú, aládùúgbò wa, pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Kí wọ́n tó pa á ni Abacha kú ní oṣù Òkúdù ọdún náà. Ìjọba tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yí ìdájọ́ náà padà, ó sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1999. Ó wà láàyè títí di ọdún 2023. Àárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín òkú àti alààyè. Ṣùgbọ́n Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ, tí wọ́n yẹgi fún ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Bélú ọdún 1995, kò rí irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní ọdún 1963. Ní ọdún 1966 ìjọba dá a sílẹ̀, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó di kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná fún gbogbo Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé ikú ni òfin kọ fún irú ẹ̀sùn rẹ̀, ta ni ìbá jí i dìde nígbà tí ìjọba yí ọkàn padà?

Ẹnìkan lè sọ pé, ‘Àwọn ẹni ńlá nìyẹn.’ Ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti mẹ̀kúnnù. Nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kóòtù kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi orí ji ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a dá ẹjọ́ ikú fún lórí ìdigunjalè. Ọdún 2010 ni ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ̀ ẹ́, àwọn òbí rẹ̀ sì ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Bí gómìnà kan tí ó ṣáájú bá ti fọwọ́ sí ìwé ikú rẹ̀, kí ni ìdáríjì ìbá bá nílẹ̀?

Lónìí, ó ju 3,000 ènìyàn lọ tí ń dúró de ikú ní àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Láti ìparí ọdún 2016, nígbà tí wọ́n yẹgi fún ènìyàn mẹ́ta ní ìlú Benin, a kò tún gbọ́ pé wọ́n yẹgi fún ẹnikẹ́ni. Àwọn adájọ́ ń dá a, àwọn gómìnà kò fọwọ́ sí i. Òfin ń sọ ohun kan, ọwọ́ ń ṣe òmíràn, àwọn ènìyàn sì wà láàárín, tí wọ́n ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lóròòwúrọ̀ láìmọ̀ bí tiwọn ni ó dé. Èyí kì í ṣe ìyà, kì í ṣe àánú. Kò sì sí ọba kan nínú yín tí yóò ṣe àkóso ààfin rẹ̀ báyìí.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan sí i, tí ó jẹ́ ti ilé wa gan-an. Ìjọba tí ń pa ènìyàn ń kọ́ ará ìlú pé pípa ni òpin ẹjọ́. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1999, ní àsìkò Orò ní Ṣágámù, wọ́n pa obìnrin Haúsá kan tí wọ́n ní ó jáde nígbà tí kò yẹ. Kò sí ẹjọ́, kò sí àpérò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀san sì dé Kánò, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣágámù ti kú. N kò sọ èyí láti tàbùkù àwọn ohun ìbílẹ̀ wa, nítorí ọ̀wọ̀ mi sí wọn kò dín. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tí àwọn ìlú mẹ́tàlá wá ní ọdún 1872, ìyẹn ààbò, ni ó fọ́ ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ní oṣù Èrèlè ọdún 2020, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Remo Stars kan kú lójú ọ̀nà nígbà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá SARS tí ó mú un. Gbogbo Ṣágámù dìde, ó sì tọ́ kí a dìde. Ṣùgbọ́n àwa tí a bínú ní ọjọ́ náà, kí ni à ń sọ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá fi táyà kọ́ olè lọ́rùn ní ìkóríta? Ikú tí kò sí ẹjọ́ nínú rẹ̀ kò dára lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò sì dára lọ́wọ́ wa.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Ohun mẹ́ta ni mo gbé síwájú yín. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú àṣẹ àwọn Ọba wa, bẹ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn pé kí ó lo agbára ìdáríjì tí abala 212 òfin ìpìlẹ̀ fún un, kí ó sọ ikú àwọn tí ń dúró di ẹ̀wọ̀n gbére. Òfin ilé iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ọdún 2019 pàápàá ti ṣí ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti pe gbogbo ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ tán, tí ọdún mẹ́wàá sì kọjá tí a kò pa á, Adájọ́ Àgbà lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Èkejì, kí a bá àwọn aṣòfin tí ó ń ṣojú Rẹ́mọ sọ ọ́ pé owó tí ó yẹ kí a ná sí ọlọ́pàá olóòótọ́, sí lọ́yà fún aláìní, àti sí ìtùnú fún àwọn tí a ṣẹ̀, ni yóò dín ọ̀ràn kù ju òfin ikú tuntun lọ. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin Ọba àti Olóyè, láìsí pé a lọ bẹ ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta tàbí ní Àbújá. Kí ẹ kéde ní ìtún gbogbo pé ẹni tí ó bá mú olè, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ó mú un lọ, àti pé ẹni tí ó bá dáná sun ènìyàn ní Rẹ́mọ ti ṣẹ ìlú, ó sì ti ṣẹ Ilẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà pẹ̀lú mi, mo sì ṣe tán láti gbọ́ wọn. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ‘kí a pa á,’ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ó bá wá hàn lọ́la pé kì í ṣe òun ni ó ṣe é, kí ni èmi yóò fi tu ìyá rẹ̀ nínú? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, kí ó wá kọ́ wa ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ Rẹ́mọ tòrò.